Ìrora ò tíì lọ, ṣùgbọ́n mo rí Ọlọ́run níbẹ̀: báwo lèèyàn ṣe ń sọ ọ́ láìparọ́?

Àbẹ̀kẹ́_Ìléṣà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà nínú mi láti ìgbà ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé ó máa yé àwọn kan.

SS ni mí, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n bí mi mọ́ ọn ni. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tíṣà ni mí n'Íbàdàn. Ẹni tó bá ní in nílé ò nílò àlàyé, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí rogodo á tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé, á há sínú iṣan, ibi tó bá ti há náà ni egungun á ti máa ké. Òtútù lè dá a sílẹ̀, ibà lè dá a sílẹ̀, àìmu omi tó, àárẹ̀, nígbà mìíràn gan-an kò sí ohun tó fà á, èèyàn á kàn jí sínú ẹ̀ ni.

Nípàdé yẹn, ìyáàfin tó ń kọ́ wa ní Bíbélì ka Jákọ́bù orí kìíní, ibi tó ti ní ká ka onírúurú ìdánwò sí ayọ̀, ló bá kọjú sí mi lójú gbogbo èèyàn, ó ní "Sísítà Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ máa yọ̀ jù nínú wa." Àwọn kan ṣàmín. Ìyáàfin mìíràn dìde pé rárá o, kí n lọ wádìí ìdílé bàbá mi dáadáa torí ọmọ Ọlọ́run kì í ru àìsàn láti kékeré dàgbà. Mo wà láàárín àwọn méjèèjì, mi ò bá ìkankan nínú wọn gbà, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé ẹni àkọ́kọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ òótọ́. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá mo ní kíráísìsì (ìgbà tí ìrora náà bá dé nìyẹn) tó gbé mi dé ọsibítù. Ó tó bí aago méjì òru, oògùn tí wọ́n fún mi ti ń kúrò lára, màmá mi ti sùn lọ lórí àga, ike omi gbígbóná tí wọ́n fi táwẹ́lì wé sí mi lórúnkún ti tutù. Mi ò lè gbàdúrà. Mi ò lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀. "Jésù" nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi, tí mo bá mí sínú mo ní Jésù, tí mo bá mí síta mo ní Jésù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ dájú pé èmi nìkan kọ́ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mi ò gbóhùn o, mi ò ríran. Ìrora ò sì dín. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kan wọlé tọ̀ mí wá tí mi ò rí irú ẹ̀ rí nígbà tí ara mi dá ṣáṣá tí mò ń kọrin nínú kwáyà.

Ìbéèrè mi rèé. Báwo lèèyàn ṣe máa jẹ́rìí irú nǹkan báyìí láìsọ pé àìsàn dáa? Torí kò dáa. Mi ò dúpẹ́ fún àìsàn, mi ò sì ní dúpẹ́ fún un láé. Mo dúpẹ́ fún Ẹni tí mo bá níbẹ̀. Ṣé ẹlòmíràn wà tó mọ ohun tí mò ń sọ?

Tóbi_ọmọ_Jésù
Àǹtí mi, ẹ kú ìrora o, Ọlọ́run á wò yín sàn pátápátá lórúkọ Jésù. Mo fẹ́ràn yín ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má bínú sí mi. Áísáyà 53 ní nípa ìnà rẹ̀ ni a fi mú wa lára dá. Wọ́n ti sanwó ẹ̀. Ìbẹ̀rù tèmi ni pé tá a bá ti ń sọ pé inú àìsàn la ti ń rí Ọlọ́run, àwọn èèyàn á gbé àga jókòó ti àìsàn ni, wọn ò ní bá a jà mọ́, wọn ò ní gbààwẹ̀, wọn ò ní bèèrè. Mo ti rí i nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí mo wà tẹ́lẹ̀, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń pè ní ìfẹ́ Ọlọ́run, bí ọmọ wọn bá kú ìfẹ́ Ọlọ́run ni, bí òrùlé jò ìfẹ́ Ọlọ́run ni, kò sẹ́ni tó lọ ra páànù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà á.

Ìyá_Ìbejì_Ṣàgámù
Àmín o. Olúwa á ṣe é.

Bàbá_Ìjọ_Abẹ́òkúta
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, mo kí ẹ. Tóbi, mo kí ìwọ náà, ìfẹ́ ló wà nínú ohun tó o sọ, ó sì yẹ ká máa bèèrè ìwòsàn. Jákọ́bù tó ní ká ka ìdánwò sí ayọ̀ náà ló sọ ní orí karùn-ún pé kí ẹni tó ń ṣàìsàn ránṣẹ́ pe àwọn alàgbà kí wọ́n fòróró yàn án, kí wọ́n gbàdúrà. Kò ní kó jókòó máa yọ̀.

Ṣùgbọ́n ka Bíbélì tó kù pẹ̀lú ẹ̀. Pọ́ọ̀lù tí aṣọ ara ẹ̀ ń wo aláìsàn sàn ní Éfésù, òun náà ló kọ̀wé sí Tímótì nínú lẹ́tà kejì pé òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù, ara ẹ̀ ò yá. Ó fi í sílẹ̀ lórí àìsàn! Tímótì fúnra ẹ̀, inú ń run ún lemọ́lemọ́, Pọ́ọ̀lù ní kó mu wáìnì díẹ̀. Ti Pọ́ọ̀lù wá ńkọ́, tó ní ẹ̀gún nínú ara, ó bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta kó mú un kúrò, ìdáhùn tó gbà ni pé "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ." Ṣé a máa wá sọ pé Pọ́ọ̀lù ò nígbàgbọ́ tó ni?

Wò ó, Àbẹ̀kẹ́, ohun tí ò ń bèèrè yẹn, ẹnì kan tá a mọ̀ bí ẹní mowó ti gba ọ̀nà ẹ̀ kọjá. Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, wọ́n yà á kúrò lára ìyá ẹ̀, wọ́n tà á lọ tà á bọ̀, ìgbà kan wà tí wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó yá pé ó wu òun kóun kú ju kóun bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí lọ. Ní 1822 ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú omi, wọ́n kó wọn lọ sí Sàró (Sierra Leone), ibẹ̀ ló ti gba Jésù, ó ṣèrìbọmi ní 1825. Ó di 1846, l'Abẹ́òkúta wa níbí, kó tó tún fojú kan ìyá ẹ̀. Ó lé lọ́dún mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Ó ní ìyá òun dì mọ́ òun ni, ó ń gbọ̀n, ẹnu àwọn méjèèjì ò gba ọ̀rọ̀. Ó wá kọ sínú ìwé tó ń kọ lójoojúmọ́ pé ẹsẹ Bíbélì tó bọ́ sí ọjọ́ yẹn nínú àlìmánáàkì ni pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba, àti pé òun ò tíì mọ agbára ẹsẹ yẹn rí bíi tọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ìyá ẹ̀ ṣèrìbọmi ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.

Ẹni tó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú òun nínú ọkọ̀ ẹrú. Ṣùgbọ́n kò sígbà kan tó ní òwò ẹrú dáa. Ní 1851 ó dé ààfin Ọbabìnrin Victoria, ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lórí òwò ẹrú tó ṣì ń lọ l'Ékòó. Ó ń yin Ọlọ́run, ó sì ń bá nǹkan tó fìyà jẹ ẹ́ jà, ẹnu kan náà ló fi ṣe méjèèjì. Bó o ṣe máa sọ tìẹ nìyẹn.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Crowther ò parí síbi ìyá òun ọmọ dì mọ́ra. Nígbà tó ti darúgbó, ní 1890, àwọn míṣọ́nárì Òyìnbó tí wọ́n kéré sí i lọ́jọ́ orí gan-an wá tàbùkù ẹ̀ nídìí iṣẹ́ Odò Ọya tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lé lórí. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891 ló kú, kò rí i kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ̀rí kan wà tí kì í parí bá a ṣe ń fẹ́ kó parí lórí pẹpẹ.

Àbẹ̀kẹ́_Ìléṣà
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Ti ẹsẹ aláìníbaba yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sunkún.

Tóbi àbúrò mi, mi ò bínú rárá. Mo máa ń gbààwẹ̀ o, mo máa ń bèèrè ìwòsàn, mi ò tíì jáwọ́. Màmá mi gan-an ti gbé mi dé orí òkè tí mi ò lè ka iye ẹ̀. Àmọ́ gbọ́ èyí: láyé àtijọ́ tí ọmọ bá ń ṣàìsàn báyìí tó sì kú, tí wọ́n bí òmíràn tí ìyẹn náà tún kú, àbíkú ni wọ́n ń pè é, wọ́n á ní ọmọ náà ló ń dá ìyá ẹ̀ lóró, wọ́n á fọ̀bẹ sàmì sí òkú ẹ̀ lára kó má bàa padà wá. A ní ìyẹn ti kọjá lọ, a ti di Kristẹni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ní àìsàn mi wá láti inú àìnígbàgbọ́ mi, ẹ̀bi kan náà ni wọ́n tún gbé padà sórí ọmọ tó ń jìyà. Bàbá mi AS, màmá mi AS, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láìjẹ́ pé ó ń ṣe wọ́n. Bí ọkọ àti ìyàwó bá ti rí báyẹn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Àwọn méjèèjì ò mọ̀. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù nípa ọkùnrin afọ́jú yẹn, pé ta ló ṣẹ̀, òun ni àbí àwọn òbí ẹ̀, Jésù ní kì í ṣe òun kì í ṣe wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú Jòhánù 9, mo sì máa ń ka orí náà fún ara mi tí mo bá ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Lọ́ńdọ̀nù
Àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́, mo gba ti Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ti ẹnu iṣẹ́ mi. Mò ń tọ́jú àwọn SS níbí, ọ̀pọ̀ wọn ọmọ Yorùbá, wọ́n bí wọn síbí tàbí wọ́n kó wọn wá ní kékeré. Ìlànà tó wà nílẹ̀ yìí ni pé tí ẹni tó ní kíráísìsì bá ti wọlé dé ọsibítù, kò gbọ́dọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó fún un ní oògùn ìrora. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2021 àwọn aṣòfin kan níbí ṣèwádìí, wọ́n gbé ìròyìn jáde, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ò dáa: àwọn aláìsàn ń sọ pé ìrora pọ̀, wọn ò gbà wọ́n gbọ́, wọ́n rò pé oògùn ló ń wù wọ́n.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ níbi tá a ti ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni pé mo ti rí àwọn onígbàgbọ́ tó jẹ́ pé wọ́n á di ẹnu wọn pa, wọ́n á fara dà á, wọ́n rò pé bí wọ́n bá pe nọ́ọ̀sì, ìgbàgbọ́ wọn ti kéré nìyẹn. Ìyá àgbà kan ń sọ fún mi pé òun ń fi jọ Jésù. Mo ní màmá, Jésù fúnra ẹ̀ ké lórí igi, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Ẹ wo Ìṣe Àwọn Àpósítélì 16. Gbogbo wa la mọ̀ pé Pọ́ọ̀lù àti Sílà kọrin láàárín òru pẹ̀lú ẹ̀yìn tí wọ́n ti nà àti ẹsẹ̀ nínú àbà. A ti wàásù ẹ̀ títí. Kí ló dé tí a kì í wàásù nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nígbà tílẹ̀ mọ́? Àwọn adájọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa lọ. Pọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀! Ó ní wọ́n nà wá ní gbangba láìdá wa lẹ́jọ́, ọmọ Róòmù sì ni wá, wọ́n wá fẹ́ tì wá síta níkọ̀kọ̀, rárá, kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá mú wa jáde. Ọkùnrin tó kọrin lóru náà ló béèrè ẹ̀tọ́ ẹ̀ láàárọ̀. Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìrora, ẹ kọrin, kẹ́ ẹ sì tẹ aago pe nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run ò kọ aájò.

Tóbi_ọmọ_Jésù
Ti Tírófímù yẹn, mi ò kà á rí báyẹn. Mo ń lọ wò ó. Mo ṣì gbà pé ìwòsàn wà o.

Olóòtítọ́_Ọ̀rọ̀
Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, ẹ má rò pé mo wá ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ṣùgbọ́n bàbá mi kú nínú ìrora jẹjẹrẹ, mo sì ń rò ó. Sísítà Àbẹ̀kẹ́, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ara yín ló ń ṣe nǹkan tirẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa ya wèrè? Ara máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àárẹ̀, oògùn, àìsùn, ọpọlọ lè mú kéèyàn rò pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Ìléṣà
Ẹ kú ará fẹ́ra kù nípa bàbá yín. Ìbéèrè yẹn dáa, mo sì ti bi ara mi.

Mi ò lè bá yín jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ mi lóru ọjọ́ yẹn, mi ò rí inú ẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni èyí tó kù lẹ́yìn tílẹ̀ mọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún màmá mi pé mi ò ní pé ogún ọdún láyé, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìbẹ̀rù yẹn ni mo sì ń bá sùn tí mò ń bá jí. Ó ti kúrò. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ pé mo lè kú o, mo mọ̀. Ó kàn jẹ́ pé mo ti dé ibi tí mò ń bẹ̀rù yẹn, mo sì bá Ẹnì kan tó ti débẹ̀ ṣáájú mi.

Èkejì, tẹ́lẹ̀ tí mo bá gbọ́ pé ọmọ SS kan wà ní wọ́ọ̀dù, mi ò kì í fẹ́ débẹ̀, ó máa ń dà bíi pé ara mi ni mò ń wò. Báyìí mo máa ń lọ. Màá jókòó. Mi ò kì í wàásù. Pọ́ọ̀lù ní ìtùnú tí a gbà lọ́dọ̀ Ọlọ́run la fi ń tu àwọn tó wà nínú wàhálà nínú. Tó bá jẹ́ oògùn ló mú mi rí nǹkan, oògùn náà ti tán lára mi tipẹ́, ìfẹ́ tí mo ní sí àwọn èèyàn yìí ò tán. Mi ò ní fipá mú yín gba ohunkóhun. Mo kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Màmá_D
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin mi SS ni. Ó ti kú. Kíráísìsì náà ni, àyà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ ń sọ pé ẹ rí Ọlọ́run. Èmi ò rí I o. Mo kúnlẹ̀, mo dojú bolẹ̀, mo ké pè É títí ohùn mi fi há, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí mi, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Lójú tèmi agbè náà ló fọ́. Òun nìkan ni mo bí. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ní kí n nu ojú mi nù, pé kí n máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo, pé tí mo bá ń sunkún báyìí mò ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀tá. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá dé ibi ìyìn, mo máa ń jáde lọ dúró síta. Ẹ sọ fún mi, ayọ̀ wo lẹ̀ ń sọ?

Àbẹ̀kẹ́_Ìléṣà
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Mi ò ní sọ fún yín pé ẹ yọ̀. Kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóru ọjọ́ yẹn, mi ò wá a, mi ò ṣiṣẹ́ fún un, mi ò sì mọ̀ bóyá á tún ṣẹlẹ̀ nígbà míì. Mo ti ní kíráísìsì tó jẹ́ òkùnkùn biribiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kì í ṣe ẹ̀bùn ẹni tó gbàdúrà dáadáa.

Orin Dáfídì 88, Màmá, tẹ́ ẹ bá lágbára ẹ kà á. Ẹni tó kọ ọ́ ń ké pe Ọlọ́run tọ̀sán tòru, ó ní ọkàn òun kún fún ìpọ́njú, ó bi Í pé kí ló dé tó fi ta òun nù. Àwọn orin ẹkún tó kù, ọ̀pọ̀ wọn máa ń yí sí ìyìn tó bá kù díẹ̀ kó parí. Ìyẹn ò yí. Inú òkùnkùn ló parí sí. Wọ́n sì fi í sínú Bíbélì, wọ́n ní kí ìjọ máa kọ ọ́ lórin. Bí Ọlọ́run bá fàyè gba orin yẹn nínú ilé Rẹ̀, dídúró tẹ́ ẹ̀ ń dúró síta yẹn, àdúrà ni.

Bàbá_Ìjọ_Abẹ́òkúta
Ìyáàfin, Ọlọ́run á tù yín nínú. Pọ́ọ̀lù tó kọ ìwé Fílípì, tó ń sọ "ẹ máa yọ̀ nínú Olúwa" lẹ́wọ̀n, ẹ wo orí kejì ìwé yẹn náà. Ẹpafíródítù tó wá ràn án lọ́wọ́ ṣàìsàn dójú ikú, Pọ́ọ̀lù ní Ọlọ́run ṣàánú òun pé kò kú, kí òun má bàa ní ìbànújẹ́ lórí ìbànújẹ́. Ṣé ẹ rí i? Ká ní Ẹpafíródítù kú ni, Pọ́ọ̀lù ì bá sunkún. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má sunkún ò kọ́ ọ lọ́dọ̀ Pọ́ọ̀lù, kò sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ Jésù tó sunkún níbi ibojì Lásárù nígbà tó mọ̀ pé òun fẹ́ jí i dìde.

Ọmọ_Kátólíìkì
Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìjọ wa kún un. Àwa máa ń sọ pé ká fi ìyà wa rúbọ pẹ̀lú ti Jésù, Póòpù John Paul Kejì kọ lẹ́tà gígùn lórí ẹ̀ ní 1984, ẹni tí wọ́n yìnbọn fún ní 1981 tó ṣì rù ú lára ni. Ó ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí ìṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi ò lọ dáadáa, torí ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọjọ́ tí mo kàn ń dùbúlẹ̀ yẹn ò ṣòfò. Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú Sísítà pé ẹni tó ń jìyà nìkan ló lè sọ ọ́ fúnra ẹ̀. A ò gbọ́dọ̀ fi ìyà ẹlòmíràn rúbọ fún un.

Màmá_D, Jòhánù ní Màríà dúró lẹ́bàá àgbélébùú Ọmọ rẹ̀. Ó dúró ni Jòhánù sọ. Kò ní ó kọrin, kò ní ó yọ̀, kò ní ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo rántí yín sínú àdúrà mi lálẹ́ òní, ẹ̀yin àti ọmọ yín.

Màmá_D
Ẹ ṣé o. Mo ti ka 88 yẹn. Kò sẹ́ni tó kà á fún mi rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ọdún tí mo ti ń lọ yìí.

Orúkọ tí mò ń pè é nílé ni Dúró. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, dókítà ní kó má sáré púpọ̀, òun ló máa ń ṣe réfírì fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Ìléṣà
Réfírì Dúró. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n, Màmá.

Nọ́ọ̀sì_Lọ́ńdọ̀nù
Màmá mi, mò ń sunkún níbi iṣẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Fún àwọn òbí mìíràn tó ń kà á: ibi àyà tí Màmá mẹ́nu bà yẹn, ẹ má fi ṣeré. Tí ọmọ SS bá ní àyà ń dun òun, tàbí tó ń mí gúlegúle, tàbí ara ẹ̀ gbóná janjan, ẹ má dúró gbàdúrà tán nílé kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ máa gbàdúrà ẹ lójú ọ̀nà ọsibítù. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa hydroxyurea, oògùn tó ń dín iye ìgbà tí kíráísìsì ń wá kù, kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló máa kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀ fún yín. Ìdánwò ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bá a rìn, ẹ má lọ dá a rà ní kẹ́mísì.

Tóbi_ọmọ_Jésù
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Màmá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Dúró, Olúwa á dúró tì yín.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, mi ò fẹ́ dákẹ́ àdúrà o. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gba èyí tó máa dùn yín. Ẹ sọ fún mi lẹ́nu ara yín, kí ni kí n máa bèèrè fún yín?

Àbẹ̀kẹ́_Ìléṣà
Tóbi, Ọlọ́run á bù kún ẹ.

Máa bèèrè ìwòsàn, má dákẹ́, kódà tó bá pẹ́. Mo fẹ́ ẹ. Tó o bá ti bèèrè ìyẹn tán, bèèrè pé kí nọ́ọ̀sì rí iṣan mi gún ní ẹ̀ẹ̀kan péré, torí iṣan ọwọ́ mi ti sá wọlé, ìgbà míì ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gún. Bèèrè pé kí oògùn má tán ní fámásì lọ́jọ́ tí mo bá nílò ẹ̀, kí owó ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ màmá mi, ó ti darúgbó, kò sì jẹ́ kí n rí i tó bá ń sunkún. Bèèrè pé kí ọ̀gá iléèwé wa máa gbà mí gbọ́ tí mo bá ní ara mi ò yá. Bèèrè pé kí n má sọ àwọn ọmọ kíláàsì mi nù sínú àárẹ̀ mi.

Kó o wá bèèrè pé tó bá tún di aago méjì òru, kí Jésù jẹ́ kí n mọ̀ pé Ó wà níbẹ̀. Tí mi ò bá sì mọ̀ ọ́n, kó ṣáà wà níbẹ̀.

Tó o bá wá sí Ìbàdàn, wá kí mi. Gbé omi wá. Àwa SS a kì í mumi tó.